Mót Kọ Ẹ̀dínwó

Gbogbo ẹni tí Mót sọ ọ́ fún ló rẹ́rìn-ín. Ó ní òun fẹ́ lọ lo ìsinmi ní ilé ìgbafẹ́ tó ní pápá gọ́ọ̀fù. Kì í ṣe pé ó fẹ́ lọ wáṣẹ́ níbẹ̀ o. Àlejò tó sanwó ló fẹ́ jẹ́. Ó fẹ́ sùn lórí ibùsùn wọn, kí ó jẹ oúnjẹ àárọ̀ wọn, kí ó gbá bọ́ọ̀lù láti ihò kìn-ín-ní dé ihò kejìdínlógún lójú oòrùn, kí ẹlòmíràn sì máa gbé àpò igi tó fi ń gbá a tẹ̀ lé e. Àwọn ará àdúgbò rẹ̀ ní Hua Hin, létí òkun Thailand, rẹ́rìn-ín títí, ọkùnrin tó ń sun adìyẹ tà lójú títì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kí ọjà rẹ̀ jóná. Mót ń bá ètò rẹ̀ lọ. Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké.

Bunruan ni orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Mót ni wọ́n ń pè é nílé, èèrà nìyẹn, nítorí pé nígbà tí wọ́n bí i ó kéré débi pé ìyá rẹ̀ àgbà ní kí wọ́n máa ṣọ́ ọ kí àwọn èèrà má baà gbé e lọ. Nínú ọgbọ̀n ọdún ó lé tó fi ṣe kádì, tó ń ru àpò igi fún àwọn tó ń gbá gọ́ọ̀fù, kò sẹ́ni tó pe ọ̀kankan nínú orúkọ méjèèjì. Mẹ́tàdínlọ́gọ́fà ni wọ́n ń pè é. Nọ́ńbà rẹ̀ ni. Ó wà lẹ́yìn aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó sì wà níwájú fìlà rẹ̀, fìlà tí aṣọ rẹ̀ bo ọrùn àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ títí ó fi ku ẹyinjú nìkan. Àlejò á ké pé, "Mẹ́tàdínlọ́gọ́fà, igi keje!" Mót á fà á yọ. "Mẹ́tàdínlọ́gọ́fà, bọ́ọ̀lù mi dà?" Mót á wọgbó lọ wá a, tòun ti ejò inú ibẹ̀. Ó ti nu bọ́ọ̀lù fún adájọ́, ó ti ṣíji bo oníṣòwò tó ti Kòríà wá, ó sì ti gbọ́ àṣírí ilé onílé tó tó láti tú ìlú ká. Kò sọ ọ̀kan nínú rẹ̀.

Òun náà fẹ́ràn bọ́ọ̀lù yẹn. Kì í ṣe ọ̀gá nídìí ẹ̀, ká má parọ́. Ó kàn fẹ́ràn rẹ̀ ni, bí àwọn kan ṣe fẹ́ràn ẹja pípa. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé, bí àlejò bá ti lọ tán, wọ́n máa ń jẹ́ kí àwọn kádì gbá díẹ̀. Ihò mẹ́rin, tó bá pọ̀ jù márùn-ún, ilẹ̀ á ti ṣú. Ihò tó kù, Mót mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ ilé ọ̀rẹ́ tí wọn kò pè é wọ̀ rí.

Lọ́jọ́ kan tí kò sí lẹ́nu iṣẹ́, ó wọ aṣọ tó mọ́, ó mú owó dání, ó gba iwájú wọlé, ó ní òun fẹ́ sanwó kí òun gbá pápá náà tán lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọ̀gá pápá wò ó tòkè tilẹ̀.

"Mẹ́tàdínlọ́gọ́fà, kì í ṣọ̀rọ̀ owó. Ẹni tó nu bọ́ọ̀lù àlejò lánàá, ṣé òun náà ló máa wá dúró ti àlejò lónìí? Wá nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé bí àwọn ẹgbẹ́ ẹ."

Mót ní, "Ó dáa, sà." Ó padà sílé, ó se ìrẹsì, kò lè jẹ ẹ́. Ó dùn ún gan-an. Èyí tó tún wá dùn ún jù ni "ó dáa" tó ti ẹnu òun fúnra rẹ̀ jáde. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, agboòrùn ńlá kan tí wọ́n ya àmì pápá sí ni wọ́n fi dá a lọ́lá. Ó gbé e délé, ó fi bo ilé adìyẹ rẹ̀. Àwọn adìyẹ náà ń yàgbẹ́ sí abẹ́ rẹ̀ títí dòní.

Láti ọjọ́ náà ni Mót ti pinnu pé kí òun tó kú, òun á gbá pápá kan tán gẹ́gẹ́ bí àlejò, ní àárọ̀ tí àlejò ń gbá a, pẹ̀lú orúkọ òun. Ohun tó ń wá nìyẹn, kò wá òmíràn.

Wirot, ọmọkùnrin rẹ̀ tó ń tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe, gbìyànjú láti yí i lọ́kàn padà.

"Màmá, ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Àwọn ẹgbẹ́ yín ń lọ sí tẹ́ńpìlì."

"Mo ti lọ. Búdà ò sọ fún mi pé kí n má gbá bọ́ọ̀lù."

"Ẹ jẹ́ ká lọ sétíkun nígbà náà."

"Ẹ̀yìn ilé mi létíkun wà, Wirot. Iyọ̀ ẹ̀ ló ń jẹ páànù mi. Ibo lo fẹ́ mú mi lọ?"

Saengdao ló kàn. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni, ọdún kan náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kádì, ọdún kan náà ni wọ́n fi í sílẹ̀. Mót fẹ́ kí wọ́n jọ lọ. Saengdao gbé ìbẹ́pẹ tí kò tíì pọ́n, tó ń gún pẹ̀lú ata fún oúnjẹ, sílẹ̀, ó gbé ọmọ odó sílẹ̀ pẹ̀lú.

"Mót, ṣé orí ẹ pé?"

"Ó pé ju tìẹ lọ."

"Wọ́n á dá wa mọ̀. Bí a ṣe ń rìn á tú wa fó. Wo ọwọ́ wa."

"Kí wọ́n dá wa mọ̀."

"Èmi ò lọ o. Ojú á tì mí."

"Ojú ti ń tì wá láti ọgbọ̀n ọdún. Ó yẹ kó ti rẹ ojú náà báyìí."

Saengdao rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó mi orí. Ó ní, "Lọ ná. Tí o bá débẹ̀ tí wọn ò lé ẹ, kí o pè mí." Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í gún ìbẹ́pẹ rẹ̀.

Bí Mót ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibi tó dára tí kò sì wọ́n nìyẹn. Àsìkò òjò ló fojú sí, nítorí pé ìgbà yẹn ni àwọn àlejò òkèèrè ti padà sílé, tí àwọn ilé ìgbafẹ́ sì ń fi yàrá bẹ èèyàn. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń polówó ọjà kò yàtọ̀ síra níbikíbi láyé. Iye tó wà lójú fóònù kì í ṣe iye tí wọ́n máa gbà lọ́wọ́ ẹni. Owó ibì kan kéré débi pé inú Mót dùn, àfi ìgbà tó pè wọ́n tí wọ́n ní ọkọ̀ pápá, ọkọ̀ kékeré tí àlejò fi ń káàkiri, ní owó tirẹ̀, kádì ní owó tirẹ̀, kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ rìn láìgba méjèèjì. Ibòmíràn, yàrá rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n pápá tí wọ́n ń sọ wà ní ìlú kejì. Ibì kan sì wà tó jẹ́ pé àwòrán koríko tútù yọ̀yọ̀ tí wọ́n fi ń tan èèyàn, Mót rí ọkọ̀ kan lẹ́yìn igi nínú rẹ̀, ọkọ̀ ayé ọjọ́un. Ó ní, "Ẹ ò rí i, wọ́n ti ya èyí kí wọ́n tó bí Wirot."

Ó wá fi fóònù wọn sílẹ̀, ó gba ẹnu-ọ̀nà ẹ̀yìn. Lẹ́yìn àgọ́ àwọn kádì ní pápá gbogbo, obìnrin kan máa ń wà níbẹ̀ tó ń ta ìrẹsì. Mót gba nọ́ńbà àwọn obìnrin wọ̀nyí lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ rí, ó ń pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohun tó gbà gbọ́ ni pé ibi tí wọ́n bá ti fi ebi pa kádì, wọ́n á fi òùngbẹ pa koríko, wọ́n á sì yọ nínú oúnjẹ àlejò pẹ̀lú. Ìwà kan náà ni.

Ọ̀kan nínú wọn wà ní Suan Phai, ilé ìgbafẹ́ kan lábẹ́ òkè ní apá Kanchanaburi.

"Ẹ kú ọjà o. Ṣé àwọn kádì ibẹ̀ yẹn ń jẹ ẹran?"

"Ta nìyí?"

"Ẹni tó fẹ́ wá sinmi níbẹ̀ ni."

"Ẹni tó fẹ́ wá sinmi ló ń bèèrè ẹran kádì? Wọ́n ń jẹ ẹran o. Wọ́n tún ń ní kí n dín ẹyin lé e."

"Koríko wọn ń kọ́?"

"Ìrẹsì ni mo mọ̀, ọmọ ìyá mi. Mi ò mọ koríko. Ṣùgbọ́n bàbá tó ń gé e ń wá jẹun lọ́dọ̀ mi lójoojúmọ́, ó sì máa ń ráhùn pé ẹ̀yìn ń dun òun."

Bí ẹ̀yìn ẹni tó ń gé koríko bá ń dùn ún, a jẹ́ pé ó ń gé e. Mót pe ọ́fíìsì wọn lọ́jọ́ náà. Yàrá, oúnjẹ àárọ̀, pápá, ọkọ̀ pápá àti kádì, owó kan ṣoṣo ló kó gbogbo rẹ̀ mọ́ra, owó náà kò sì gba ẹ̀mí. Ó bèèrè bóyá àárọ̀ ni òun máa gbá. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní kí wọ́n tún un sọ. Wọ́n tún un sọ. Ó sanwó.

Wirot gbé e dé ibùdókọ̀ kékeré, òun àti àpò igi tí àlejò ará Jàpáánù kan fi ta á lọ́rẹ nígbà tó ń padà sílé. Ọ̀sán ni ọkọ̀ gbéra, ìrọ̀lẹ́ ló débẹ̀. Ibẹ̀ dára bí obìnrin onírẹsì ṣe júwe rẹ̀. Òkè dúró lẹ́yìn ilé, ìkùukùu wà lórí rẹ̀, koríko tẹ́ títí dé odò. Mót sùn dáadáa. Nígbà tó jí, ó tẹ́ ibùsùn fúnra rẹ̀, ó nu ilẹ̀ ilé ìwẹ̀, lẹ́yìn náà ló rántí pé òun ti sanwó kí ẹlòmíràn ṣe é. Ó padà lọ tú ibùsùn náà ká. Nílé oúnjẹ ó jókòó, ó bu ìrẹsì rírọ̀ sínú àwo, ó jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ìdúró ni kádì ti ń jẹun.

Ó wá dé iwájú tábìlì tí wọ́n ti ń gba orúkọ àwọn tó máa gbá bọ́ọ̀lù láàárọ̀ yẹn. Gbogbo nǹkan ibẹ̀ ló mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ó mọ òórùn koríko tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé, ó mọ dídún igi nínú àpò, ó mọ àwọn obìnrin tó bojú pẹ̀lú fìlà tó tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ lẹ́yìn ọkọ̀ pápá. Ọmọbìnrin orí tábìlì bojú wòkè, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ẹ káàárọ̀, Àǹtí. Kí lorúkọ yín?"

"Mẹ́tàdínlọ́gọ́fà," ni Mót wí.

Ẹnu rẹ̀ ló sọ ọ́, òun kọ́. Ó tún pa àtẹ́lẹwọ́ pọ̀, ó tẹrí ba, ó sì sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí àwọn ọkùnrin tó wà lẹ́yìn rẹ̀ lè kọjá, bí kádì ṣe ń ṣe. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ọmọbìnrin náà wo bó ṣe sún sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó wo ọwọ́ rẹ̀, ó wá yé e.

"Áà, kádì ni yín! Ẹ̀yìn ni àwọn kádì ń gbà wọlé, Àǹtí. Ẹ gba ẹ̀gbẹ́ ilé ìdáná yẹn."

"Àlejò ni mí," ni Mót wí.

Àwọn ọkùnrin mẹ́ta ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Èyí tó síwájú nínú wọn ni Sia Kriang, olówó tó ń ta sìmẹ́ǹtì ní Bangkok, Sia ni wọ́n ń pe olówó bíi tirẹ̀, gbogbo ilé ìgbafẹ́ ló mọ̀ ọ́n. Ó pàtẹ́wọ́.

"Ẹ wá wò ó o! Kádì fẹ́ gba kádì! Ta ló máa wá ru ẹrù ta? Ṣé wọ́n á máa gbé e fún ara wọn ní pàṣípààrọ̀ ni?"

Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ọmọbìnrin náà ránṣẹ́ pe ọ̀gá pápá, ó sì yára dé. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, Phongthep ni wọ́n ń pè é, ó ní ìwà pẹ̀lẹ́, ohùn rẹ̀ tutù. Ó fa Mót sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó tẹrí ba fún un. Ìwà pẹ̀lẹ́ rẹ̀ yẹn gan-an ló burú níbẹ̀.

"Màmá, ẹ má bínú rárá. A bọ̀wọ̀ fún yín gan-an. Ẹ jẹ́ ká ṣe nǹkan kan fún yín. Ìdajì owó yín la máa dá padà. Ìdajì gbáko! Ẹ kàn ní sùúrù títí dìrọ̀lẹ́, tí àwọn àlejò bá ti wọlé tán, kí ẹ wá gbá a ní ìrọ̀rùn yín."

Ìdajì owó. Ẹni tó ti ń wá ọ̀pọ̀ kiri láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, tó ti bá èèyàn nájà lórí fóònù títí ohùn rẹ̀ fi há, kò lè gbọ́ "ìdajì owó" kí àyà rẹ̀ má là. Ó rántí páànù ilé rẹ̀ tí iyọ̀ òkun ń jẹ. Ó rántí pé àsìkò òjò nìyí, pé nírọ̀lẹ́ òjò á máa rọ̀. Lẹ́yìn náà ló rántí ọjọ́ Ajé, ó sì rántí "ó dáa, sà".

"Ìwọ ọmọ yìí," ó wí, "o ní tí àwọn àlejò bá ti wọlé tán."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Èmi ń kọ́? Kí ni mo jẹ́?"

Mót padà síwájú tábìlì náà. Kò sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé orí tábìlì.

"Bunruan Kaeokham. Orúkọ mi nìyẹn. Kọ ọ́ síbẹ̀, ọmọ mi, bí o ṣe ń kọ ti gbogbo wọn. Àárọ̀ ni mo sanwó rẹ̀, àárọ̀ ni mo máa gbá a. Mi ò fẹ́ ẹ̀dínwó. Ẹ gba owó mi pé, kí ẹ pe orúkọ mi pé."

"Kí ló dé gan-an?" ni Sia Kriang wí. "Ṣé ẹ̀yìn ìyá yìí la máa wá máa wọ́ tẹ̀ lé láàárọ̀ yìí?"

Mót yíjú sí i. "Tí ara yín bá yá ni, Sia, ẹ̀ bá ti jí ṣáájú mi."

Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín kí ó tó rántí ẹgbẹ́ tó wà. Ọmọbìnrin orí tábìlì wo ọ̀gá rẹ̀, ọ̀gá rẹ̀ wolẹ̀, ni ọmọbìnrin náà bá kọ orúkọ náà sára ìwé kékeré kan, ó so ó mọ́ àpò igi Mót. Kàkà kí kìnnìún ṣe akápò ẹkùn, oníkálukú yóò máa ṣe ọdẹ tirẹ̀. Mót ti ṣe akápò fún ẹkùn púpọ̀ láyé rẹ̀. Ó tó gẹ́ẹ́.

Kádì tí wọ́n fún un jẹ́ obìnrin tó ti tó ẹni ogójì ọdún, ó sanra díẹ̀, ojú rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín lábẹ́ aṣọ tó fi bo ẹ̀rẹ̀kẹ́. Kí wọ́n tó dé ibi ìbẹ̀rẹ̀, àwọn méjèèjì ti di àpò igi kan náà mú.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi sílẹ̀ o," ni kádì náà sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ọ̀gá ń wò wá lójú fèrèsé. Tí ẹ bá bá mi gbé e, wọ́n á ní ọ̀lẹ ni mí."

"Ọwọ́ mi ni. Kì í gbọ́ràn."

"Ẹ ki ọwọ́ náà bọ àpò."

Mót ki ọwọ́ bọ àpò ṣòkòtò. Ó bèèrè orúkọ rẹ̀.

"Méjìlélógójì, Ẹ̀gbọ́n."

"Orúkọ ni mo bèèrè. Èmi náà ti ní nọ́ńbà rí, ó sì ti gbó mọ́ mi lẹ́nu, ìwọ náà gbọ́ ohun tó fojú mi rí láàárọ̀ yìí."

"Lamduan."

"Ó dáa. Bunruan ni tèmi, ṣùgbọ́n máa pè mí ní Mót."

Bọ́ọ̀lù rẹ̀ àkọ́kọ́ kò lọ re. Ó fò sí ọ̀tún, ó wọ inú kòtò yanrìn, àwọn ọkùnrin tó wà lẹ́yìn sì ké "ó ti dé o!" Mót wọ kòtò náà, ó gbá a jáde, ó sì gbá ohun ìfà tí wọ́n fi ń tẹ́ yanrìn mú lójú ẹsẹ̀. Lamduan gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Mót tún gbà á. "Ẹ̀gbọ́n Mót!" Wọ́n bú sẹ́rìn-ín níbẹ̀, yanrìn dà sínú bàtà àwọn méjèèjì. Láti ìgbà náà ni ara rẹ̀ ti balẹ̀. Ó ń gbá a bí ẹni tó ń jẹun lọ́dọ̀ ara rẹ̀. Òmíràn ń dára, òmíràn ń wọgbó. Lamduan ló ń wọgbó lọ wá a, Mót á dúró lójú ọ̀nà, á máa ṣe bí ẹni pé kò wu òun láti tẹ̀ lé e.

Àwọn àlejò mìíràn wà níwájú wọn, nítorí náà Mót kò fa ẹnikẹ́ni sẹ́yìn. Síbẹ̀ Sia Kriang ń ké láti ẹ̀yìn pé kí kádì yẹn tètè rìn. Wọ́n dé ihò kúkúrú kan tí odò sá gba iwájú rẹ̀ kọjá. Mót ti gbá tirẹ̀ kọjá omi, ó ti lóṣòó sórí koríko ìdí ihò, ó ń wo bí ilẹ̀ ṣe dà. Àfi gbì! Bọ́ọ̀lù kan bọ́ lulẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúnkún rẹ̀, ó ta, ó yí lọ dúró sí etí ihò. Ní pápá gọ́ọ̀fù, kò sí ìwọ̀sí tó ju pé kí èèyàn gbá bọ́ọ̀lù sí ẹni tí kò tíì kúrò níwájú rẹ̀.

Ẹ wá wo ohun tí ọwọ́ Mót ṣe. Ó mú bọ́ọ̀lù náà, ó fi etí aṣọ rẹ̀ nù ún títí ó fi dán, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e, ó dúró de ẹni tó ni ín. Lamduan rí i. Òun náà mọ ọwọ́ yẹn.

Ọkọ̀ pápá Sia Kriang dé. Kò sọ̀ kalẹ̀. Ó na ọwọ́ láti orí ìjókòó.

"Mẹ́tàdínlọ́gọ́fà! Mú un wá."

Inú bí Mót. Ó bínú sí Sia, ó bínú sí ọwọ́ ara rẹ̀, ó bínú sí gbogbo bọ́ọ̀lù tó ti nù láti ọjọ́ tó ti dáyé. Ó tẹ̀ ba, ó gbé bọ́ọ̀lù náà padà sí ibi tó ti mú un gẹ́lẹ́, ó sì nu ọwọ́ nù.

"Ibẹ̀ ni mo ti bá a, Sia. Ẹ má gbá a o. Mi ò tíì ṣe tán."

"Ṣé o mọ ẹni tó o ń bá sọ̀rọ̀?"

"Mo mọ̀ yín. Bunruan lẹ̀yin náà ń bá sọ̀rọ̀. Ọmọ orí tábìlì yẹn kọ ọ́, ó wà lára àpò mi."

Sia fẹ́ sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó rẹ́rìn-ín láàárọ̀ ló dì í lápá mú. "Kriang, ìwọ lo jẹ̀bi. O gbá bọ́ọ̀lù sí èèyàn. Jókòó jẹ́ẹ́."

Mót padà lóṣòó. Ó wo ilẹ̀ láti ọ̀tún, ó wò ó láti òsì, ó rìn yí ihò náà ká, ó tún lóṣòó. Ọgbọ̀n ọdún ó lé ni wọ́n fi ń ní kó yára. Ó dìde, ó mí kanlẹ̀, ó ti bọ́ọ̀lù náà. Bọ́ọ̀lù lọ, ó gba ẹ̀gbẹ́ ihò kọjá, kò wọlé.

"Ó ku ọ̀kan sí i," ni Mót wí fún àwọn tó wà nínú ọkọ̀. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í wo ilẹ̀ láti ọ̀tún.

Wọn kò ké mọ́ láti ẹ̀yìn lẹ́yìn ìyẹn. Nígbà tí wọ́n dé ihò kejìdínlógún, ìkùukùu ti sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, atẹ́gùn ti ń yí. Iye ìgbà tí Mót gbá bọ́ọ̀lù láàárọ̀ yẹn pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ jẹ́ ká fi bò ó láṣìírí. Ó ti bọ́ọ̀lù ìkẹyìn, ó sì gbọ́ bó ṣe dún nínú ihò. Ó ti gbọ́ ohùn yẹn fún adájọ́, ó ti gbọ́ ọ fún oníṣòwò, kò gbọ́ ọ fún ara rẹ̀ rí ní ihò kejìdínlógún. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, kò sì fi pa mọ́. Lamduan tẹ̀ ba, ó yọ bọ́ọ̀lù náà jáde, ó nù ún, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un.

"Ẹ ṣeun, Ẹ̀gbọ́n Bunruan," ó wí.

Mót fi ọwọ́ méjèèjì gbà á.

Nírọ̀lẹ́ òjò dé, òjò apá Kanchanaburi tí kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Mót jókòó sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ti wẹ̀, ẹja díndín àti ìrẹsì wà níwájú rẹ̀. Ó ń wo bí omi ṣe ń bo pápá náà mọ́lẹ̀. Àkókò tí wọ́n ní kó wá gbá a ní ìdajì owó nìyẹn. Ó jẹ ẹja rẹ̀ tán kó tó pe Saengdao.

"Mót! Ṣé wọ́n lé ẹ?"

"Wọn ò lé mi. Ẹ̀dínwó ni wọ́n fún mi."

"Ẹ̀dínwó? Èló?"

"Ìdajì. Kí n ṣáà ti dúró kí àlejò wọlé tán."

"Ìdajì! Mót, o ò gbà á?"

"Mi ò gbà á. Gbogbo iye tí mo ti ń gbọ́ láti ìgbà tí mo ti ń wá ibi kiri, Saengdao, òun ló wọ́n jù nínú wọn."

Òjò nìkan ló ń dún. Mót rò pé fóònù ti já, ó ń gbé e kúrò létí nígbà tó gbọ́ ohùn ọ̀rẹ́ rẹ̀.

"Yàrá tí wọ́n fún ẹ yẹn, ṣé ibùsùn méjì ló wà nínú ẹ̀?"